Kí O Tó Gbé Ìyá Odò-Ọwá Sórí Ìtàgé

Bùsáyọ̀ ọmọ mi, Àjíkẹ́ mi,

Mo kí ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa n'Íjerò. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi ṣàríyànjiyàn. Bí mo bá ní ká dìde, òun á ní ká jókòó. Màmá rẹ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń múra ìkórè, ìyẹn ni mo fi ráyè kọ èyí láìsí ẹni tó ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn mi. Má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, ìkẹrin ọ̀hún kò sì parí.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ sínú fóònù ránṣẹ́ sí mi, mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́. Pé ilé tíátà ńlá n'Íbàdàn ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé wọ́n ní kí o mú eré bàbá Faransé tí o kà ní yunifásítì yẹn, kí o sọ ọ́ di eré Yorùbá. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo dìde lọ bá fọganáísà tó wà níwájú ilé wa. Mo ní, "Ọmọ mi ló ń kọ eré fún wọn n'Íbàdàn o." Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ fún mi láàárọ̀." Mo ní, "Ṣé bí mo bá tún un sọ, táyà rẹ á jò ni?"

Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ rẹ ló gba ayọ̀ lẹ́nu mi. O ní o fẹ́ kí eré náà parí bí eré tèmi, Wọ́n Pín Wa Mọ́ Ẹrù, ṣe máa ń parí: kí obìnrin àgbà kan dìde láàárín èrò ìwòran, kó gun orí ìtàgé, kó tú aṣọ ọ̀fọ̀ kúrò lára òṣèré, kó sì bá ẹnu ọ̀nà lọ láìsọ nǹkan kan. O ní olùkọ́ yín kan fi kọ́ yín ní kíláàsì. O ní ìparí yẹn gan-an ni àwọn ará Ìbàdàn gbọ́ tí wọ́n fi gbà ọ́. O wá ní kí n sọ fún ọ bí mo ṣe ronú kàn án.

N kò ronú kàn án, ọmọ mi. Ó ṣẹlẹ̀ ni. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí wà láàyè, Odò-Ọwá ló ń gbé, o sì máa ń kúnlẹ̀ kí i lọ́dọọdún. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé ẹnu mi dùn jù lórí fóònù. Màá sọ ọ́, màá sọ ọ́, títí yóò fi di pé èmi ni mo jàre.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ara mi díẹ̀, torí pé bí mo bá dé ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí, kò ní sí àyè ìyẹn mọ́. Káfíńtà ni mo kọ́. Àwọn onítíátà wá sí ìlú wa, wọ́n ní kí n kan pèpéle fún àwọn, mo kàn án, mo wá jókòó sí abẹ́ igi wo ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀. Ọba ń sọ̀rọ̀ bí ààrá, iwin ń yọ lẹ́yìn aṣọ, ẹni tó kú ń jí. Mo wo ọ̀gá káfíńtà mi, mo ní, "Ta ló ti rí irú èyí rí ní Ìjerò?" Ó ní, "Eré ni." Mo ní, "Ṣé a ò lè fi òótọ́ ṣeré ni?" Látorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Eré tèmi, kò sí ọba níbẹ̀, kò sí iwin. Opó ni, onígbèsè ni, ìyàwó tí kò rọ́mọ bí ni. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gún iyán nínú eré, iyán gidi là ń gún. Mo rántí n'Árámọ̀kọ, àwọn òṣèré mi gún un tán, wọ́n jẹ ẹ́ débi pé wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn. Bàbá arúgbó kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Bí ẹ ò bá níí sọ̀rọ̀, ẹ bù fún wa!" Gbogbo gbọ̀ngàn wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èmi náà ni mo ṣe ìyẹn o, èmi tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ohun tí mo ń ṣe. Ìwọ lo wá sọ fún mi nígbà tó yá pé àwọn òyìnbó ní orúkọ fún un.

Mo ṣì rántí bí o ṣe sọ ìtàn bàbá Faransé náà fún mi nígbà tí o wálé kẹ́yìn, tí a jọ ń jẹ iṣu sísun níhìn-ín. O ní kì í ṣe ọmọ olówó. Ó ṣe akọ̀wé káàkiri ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní eré kíkọ. O ní nígbà ayé rẹ̀, eré tó bá ti parí sí ayọ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ fẹ́ràn, tí olówó á ronú pìwà dà, tí ọmọge á rí ọkọ, tí aṣọ ìtàgé á wá bọ́ sílẹ̀. Òun ní irọ́ ni. Ó ní kí ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú yàrá wọn, kí òǹrorò má di ènìyàn rere torí pé eré fẹ́ parí. Ó kọ ọ̀kan nípa ilé tí baálé kú, tí àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀rẹ́ òkú wá ń jẹ opó àti àwọn ọmọ run. Ó gbé e láti tíátà kan dé òmíràn, wọ́n ń dá a padà. Nígbà tí wọ́n wá ṣe é, èrò ìwòran ń súfèé bú u. Orúkọ rẹ̀ wá ń dún nígbà tó yá, àmọ́ ó ti fi ahọ́n rẹ̀ bá gbogbo ayé jà tán. Kò níyàwó, kò lọ́mọ, eré tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè parí rẹ̀ títí tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Nígbà tí o sọ ọ́ tán, mo ní, "Èmi gan-an nìyí!" O ní, "Dádì, ẹ̀yin níyàwó, ẹ sì bímọ." Mo ní ìyẹn nìkan ni mo fi jù ú lọ, àti uyán. A jọ rẹ́rìn-ín. Mo ti ń ronú sí i láti ọjọ́ náà, n kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó yá, ìmọ̀ràn.

Èkíní: máa kọ nǹkan sílẹ̀. Èmi kò kọ. Ẹnu ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tíátà mi, màá ní "Ìwọ sọ báyìí, ìwọ dáhùn báyìí," ó tán. Mo rò pé ọgbọ́n ni, pé bí kò bá sí nínú ìwé, kò sẹ́ni tó máa jí i. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn náà kó eré mi sínú orí wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Mo dé Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ eré mi tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́ lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo ń wò ó. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n ṣe é dáadáa.

Èkejì: ṣọ́ ahọ́n rẹ. Irú ahọ́n tí bàbá Faransé yẹn ní, òun náà ni mo ní, ìwọ náà sì ti jogún rẹ̀, màmá rẹ máa ń sọ ọ́. Ilé tẹlifíṣọ̀n kan pè mí nígbà kan, wọ́n fẹ́ máa gbé eré mi jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ táì ní kí n gé e kúrú. Ó ní, "Bàbá, àwọn èèyàn ò fẹ́ ẹkún tó gùn." Mo ní, "Nígbà tí bàbá tìrẹ kú, ìṣẹ́jú mélòó lo fi sunkún?" Mo ò mọ̀ pé òkú bàbá rẹ̀ ò tíì pẹ́ nílẹ̀. Ó wò mí, ó kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ, ó jáde. Mo dé inú mọ́tò, mo ń yangàn fún àwọn ọmọ tíátà mi pé mo ti fi ọ̀rọ̀ dá a dúró. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọn kò pè mí mọ́ títí dòní. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn lẹ́nu rẹ jù, Àjíkẹ́, gbé e mì.

Ẹ̀kẹta ni mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Fara balẹ̀ kà á.

Ìyá Odò-Ọwá, ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ mu ọmú kan, òun ló pọ̀n mí dàgbà. Iṣu tó ń rù láti oko wá tà ni mo fi kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tí gbogbo ilé ń sọ pé tíátà jẹ́ iṣẹ́ ọ̀lẹ, òun nìkan ló ní, "Ẹ fi Òjó sílẹ̀. Uṣẹ́ tó bá wu ọmọ ni kó ṣe." Ó fẹ́ awakọ̀ gẹdú kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò dìde. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ni àwọn àbúrò ọkọ dé láti pín ogún. Èmi ni mo dúró fún ilé wa, mo jókòó sínú yàrá náà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ń mú àga, wọ́n ń mú rédíò, wọ́n ń mú kẹ̀kẹ́. Wọ́n wá ní kí opó náà yan ẹni tó máa ṣú u lópó nínú àwọn, kó má di ẹni tí kò ní olórí.

Orí ẹní ló jókòó sí nínú aṣọ dúdú. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ mú àga. Ẹ mú rédíò. Ẹ mú èmi náà bó bá wù yín. Àwo tó fi jẹun kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi. N kò tíì fọ̀ ọ́."

Bùsáyọ̀, àwọn tó wá pín ẹrù gan-an ń nu ojú. Èmi náà ń sunkún. Àmọ́ bí omi ṣe ń bọ́ lójú mi, nǹkan kan nínú mi ń sọ pé: Òjó, di ọ̀rọ̀ yẹn mú, má jẹ́ kó bọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìwà ọ̀daràn mi ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó mú mi tù ú nínú, mo ti ń fi ṣe èlò eré.

Ó wá parí ọ̀fọ̀. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa: àwọn obìnrin ilé á wẹ opó, wọ́n á fún un láṣọ mìíràn, wọ́n á ká èyí tó fi ṣọ̀fọ̀ fún ọkùnrin kan láti ilé bàbá rẹ̀ kó lọ sun ún lẹ́yìn odi. Aṣọ yẹn kò gbọdọ̀ kan ara ẹnikẹ́ni mọ́. Ikú ọkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, iná nìkan ló lè bọ́ ọ. Èmi ni wọ́n ká a fún. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Jẹ́ ó jóná tán kí o tó kúrò níbẹ̀ o."

Mo gbé e dé ẹ̀yìn odi. Mo ṣáná. Mo wá tú aṣọ náà wò. Èéfín ti bà á, òórùn àdín wà lára rẹ̀, èjìká rẹ̀ ti fàya níbi tó ti máa ń fara ti ògiri. Mo ronú sí èyí tí télọ̀ rán fún eré tí mo ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣe, tó ń dán bí aṣọ ìgbéyàwó. Àwọn obìnrin Èkìtì mọ aṣọ ọ̀fọ̀, wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín. Mo kó ewé gbígbẹ jọ, mo sun ún kí èéfín lè rú kí wọ́n rí i láti ilé. Mo ká aṣọ náà bọ inú àpótí eré. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi, iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán mi, tolè ni mo fi jẹ́ ẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé Àjíǹde la ṣe eré náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan níhìn-ín. N kò pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó fúnra rẹ̀ wá láti Odò-Ọwá. Ó gún iyán wá fún àwọn òṣèré mi, ó ń sọ fún àwọn tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì iwájú pé, "Àbúrò mi ló ni gbogbo èyí o."

Bísí ló ṣe opó. Súlè, ọmọ Àlùfáà, aláwàdà wa, ló ṣe àbúrò ọkọ. Bísí jókòó sórí ẹní nínú aṣọ yẹn, ó ní, "Ẹ mú àga. Ẹ mú rédíò." Kẹ́kẹ́ pa. Àmọ́ èmi ti bu iyọ̀ sí i. Mo ti ní kí Súlè jí àwo náà, kó ki í bọ abẹ́ agbádá, kó wá máa rìn bí ẹni tó lóyún. Bí Bísí ṣe dé orí "N kò tíì fọ̀ ọ́," tí ikùn Súlè yọ síta, gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. "Súlè, o bí ìbejì!" "Olè, bọ́ àwo òkú sílẹ̀!" Àwọn ènìyàn ń lu ara wọn léjìká.

Mo ń wò láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìtàgé. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó dìde. Kò yára. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó gun àkàsọ̀ tí èmi fúnra mi kàn, ó dé ọ̀dọ̀ Bísí, ó fi ọwọ́ òsì tú aṣọ náà kúrò lára rẹ̀, ó ká a sí abẹ́ abíyá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá ẹnu ọ̀nà lọ.

Ọmọ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ó wà nínú eré. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́yìn bó ṣe ń lọ. Ẹnì kan pariwo pé, "Ìyá yìí mọ eré ṣe ju gbogbo wọn lọ!" Bísí dúró nínú tòbí, ó ń wò mí. Mo fi ọwọ́ ṣe àmì sí i pé kó máa sunkún. Ó sunkún. Mo ní kí wọ́n fa aṣọ ìtàgé.

Súlè wá bá mi lẹ́yìn ìtàgé. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ sáré tẹ̀ lé wọn."

Mo ní, "Jẹ́ kí inú wọn rọ̀ ná."

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n yín ni."

Mo ní, "Ṣé o gbọ́ àtẹ́wọ́ yẹn?"

Bí mo bá ti sáré lọ lọ́jọ́ yẹn, bóyá n kì bá tí máa kọ lẹ́tà yìí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó jẹun, mo ti ń wá obìnrin àgbà tí mo máa gbà síṣẹ́. Mo rí ọ̀kan. Mo kọ́ ọ bó ṣe máa rìn: má yára, má wo ẹnikẹ́ni, ọwọ́ òsì ni kí o fi tú u. Kò mọ ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọwọ́ òsì. Èmi mọ̀ ọ́n. A gbé e lọ sí Àrámọ̀kọ, a gbé e lọ sí Ìkọ́gòsì. Nígbà tí a dé Ẹ̀fọ̀n, àwọn ènìyàn ń gun fèrèsé. Ìparí tí olùkọ́ rẹ fi kọ́ yín nìyẹn. Ilé tí a ti bí ọ, ilé-ìwé tí o lọ, àtẹ́wọ́ yẹn ló kọ́ gbogbo rẹ̀. Má sọ pé o jẹ̀bi, o ò tíì dé ayé nígbà náà. Mo kàn fẹ́ kí o mọ ohun tí o ń bèèrè.

Ìròyìn dé Odò-Ọwá, kò sì pẹ́ tó fi dé. Mo kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sunkún, ẹkún gidi ni. Ó jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Ó wá ní, "Mo gbọ́. Ṣé èyí náà máa wọ inú eré?"

Mo gbé ojú kúrò lójú rẹ̀. Àwọn àgbà rò pé ojú ń tì mí ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bó ṣe sọ ọ́ yẹn, bó ṣe dún, mo ti ń gbé e pamọ́. Ó rí i lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ mí láti kékeré.

Láti ìgbà náà kò pè mí ní Òjó mọ́. Ọ̀gá Onítíátà ló ń pè mí. Nígbà tí a bí ọ, ó wá, ó wẹ̀ ọ́, ó gbé ọ pọ̀n, ó kọrin fún ọ títí. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí onílé. Bí mo bá wọ yàrá tó wà, á dákẹ́. Ìwọ rò pé obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Kò sí ẹni tó mọ ìtàn sọ tó o ní gbogbo agbègbè yìí. Kò kàn fẹ́ kí n gbọ́ ni. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti ru tèmi dé orí àgbà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bi ọ́ nípa bàbá Faransé rẹ. Gbogbo bí o ṣe sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún mi, ohun kan wà tí o ò sọ. Ilé ta ló lọ jókòó sí tó fi mọ bí opó ṣe ń sọ̀rọ̀? Ṣé ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin? Ṣé obìnrin náà wá wòran? Bí àwọn ìwé tí o kà kò bá sọ ọ́, bi wọ́n léèrè ìdí. O ní wọ́n súfèé sí i, o sì káàánú rẹ̀. Èmi kò káàánú rẹ̀ nípa ìyẹn. Ẹni tó gbé òótọ́ síwájú ènìyàn tí wọ́n súfèé sí i, òótọ́ náà ti dé etí wọn. Èmi gbé òótọ́ ẹ̀gbọ́n mi síwájú wọn, wọ́n fi rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ra ẹ̀pà, wọ́n lọ sílé.

Ẹ̀kẹrin, àbí èkarùn-ún ni: ohun tí o gbọ́ kì í ṣe tìrẹ torí pé etí rẹ ló wọ̀. Nínú iṣẹ́ tí o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yìí, àwọn ènìyàn á máa sunkún lójú rẹ, wàá sì máa wò bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sí bí o ṣe lè ṣe é tí o ò ní wò. Irú ojú tí Ọlọ́run fún wa nìyẹn. Àmọ́ kí o tó gbé e kúrò nínú yàrá, bi onílé. Bó bá ní rárá, fi sílẹ̀, kó jẹrà mọ́ ọ nínú. Kò sí eré tó dùn tó ẹni tó ń pè ọ́ lórúkọ.

Mo ti lọ sí Odò-Ọwá lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí rẹ. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí. Mo jókòó sórí àpótí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pé o ti ríṣẹ́, pé o fẹ́ fi ìparí yẹn parí eré òyìnbó kan, pé o ò mọ ibi tó ti wá. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ó ní, "Òun ló ní kí o wá bi mí?"

Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì mọ nǹkan kan. Èmi ni mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín."

Ó wá gbé ojú sókè wò mí. Ó pẹ́ tó ti wò mí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "O bi mí."

Mo ní, "Mo bi yín, mà."

Ó ní, "Sọ ọ́ fún un, má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kó máa bọ̀ ní ulé mi. Kó má gbé ìwé dání. Kó má gbé fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ dání. Bí mo bá sọ ọ́ tán, màá sọ fún un bóyá ó lè mú un tàbí kò lè mú un."

Mo ní, "Ṣé kí n bá a wá?"

Ó ní, "Ìwọ? Jókòó sí ulé rẹ."

Nítorí náà, Àjíkẹ́ mi, lọ. Má kọ ojú ewé kan sí eré náà kí o tó lọ. Bá a ṣa ẹ̀gúsí bó bá ń ṣa ẹ̀gúsí. Má bi í ní ìbéèrè, kò fẹ́ràn ìyẹn. Bó bá ní kí o má lò ó, sọ fún àwọn ará Ìbàdàn pé o ò ní ìparí yẹn mọ́. Bí wọ́n bá bínú, kí wọ́n bínú. Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, máa bọ̀ wálé, mo ṣì lè kan pèpéle. Bó bá sì ní kí o mú un, òun ló fún ọ, kì í ṣe èmi. Orúkọ tirẹ̀ ni kí o fi sí i, má fi tèmi sí i.

Wàá gba iwájú ilé wa kọjá bí o bá ń bọ̀ láti ibẹ̀. Yà, kí o jẹun, màmá rẹ á ti se nǹkan sílẹ̀. Màá wà lórí àga mi. Mo mọ ara mi, màá bi ọ́ ohun tó sọ, màá fi ọgbọ́n bi ọ́, màá fi àwàdà bi ọ́, màá ní orúnkún ń dùn mí kí àánú mi lè ṣe ọ́.

Má sọ fún mi.

Èmi bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Òjó, n'Íjerò.